Ẹ Bi Lọ́yà: Ogún tí a bá fi sí trust, ká jọ̀wọ́ rẹ̀

Látìgbà tí mo ti fẹnu ba ọ̀rọ̀ trust lójú ewé yìí, lẹ́tà ò dáwọ́ dúró. Màá dáhùn márùn-ún lónìí, kí àwọn yòókù ṣe sùúrù fún mi.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa, ohun tí à ń pè ní trust nìyí: ẹnì kan ní ohun ìní, ó gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹni yẹn là ń pè ní alámòójútó. Orúkọ alámòójútó ló máa wà lórí ìwé, òun ló máa buwọ́ lùwé, òun ló máa gba owó ilé. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jẹ nínú rẹ̀. Àwọn tí a torí wọn dá a sílẹ̀ ló ni àǹfààní ibẹ̀. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Àwọn onílẹ̀ ní England ń fi ilẹ̀ wọn sọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́, kí owó tí ọba ń gbà nígbà tí onílẹ̀ bá kú má bàa kan ìdílé wọn. Inú bí Ọba Henry Kẹjọ, ó fi òfin 1536 dí ọ̀nà náà, àwọn lọ́yà sì gba ẹ̀yìn yọ sí i. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wa ni.

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹni ọdún 68 ni mí. Ìyàwó tí mo fẹ́ nígbà èwe mi bí ọmọ mẹ́ta kó tó ṣaláìsí, gbogbo wọn ti dàgbà. Mo tún ìyàwó mìíràn fẹ́, a ò sì bímọ. Ilé kan ṣoṣo ni mo ní láyé. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ lé ìyàwó mi síta lọ́jọ́ tí mo bá kú, mi ò sì fẹ́ kí òun náà kú kí ilé mi di ti àwọn àbúrò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé mo fi ilé náà fún ìyàwó mi, mo sì gbà gbọ́ pé yóò ṣe dáadáa sáwọn ọmọ. Ṣé ìyẹn ti tó?
Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Èsì

Kò tó, sà. Ọ̀rẹ́ yín fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n gbólóhùn tó fún yín yẹn ti gba ilé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ. Ní 1871, ilé ẹjọ́ kan ní England dá ẹjọ́ Lambe v Eames. Ọkọ ló fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó, kó lò ó bó bá ṣe wù ú, fún àǹfààní òun àti ìdílé rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kò sí trust kankan níbẹ̀, ìyàwó ló ni gbogbo rẹ̀, bó bá wù ú kó gbé e fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹni tó bá ní òun "gbà gbọ́" kò tíì pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ẹ ń wá ni kí ilé bọ́ sọ́wọ́ àwọn alámòójútó lọ́jọ́ tí ẹ bá kú. Kí ìyàwó yín ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá wà láyé. Bóun náà bá lọ, kí àwọn alámòójútó gbé ilé fún àwọn ọmọ. Ìyàwó ò lè tà á, kò lè fi dógò yá owó, kò sì lè kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà ò lè lé e jáde, ì báà jẹ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ òrùlé. Òrùlé ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wá bá mi fún irú ìwé yìí, wọ́n á sì máa wò mí bí ẹni tó ń ṣe àwàdà. Mo ti rí i tí òrùlé jò lẹ́yìn tí baálé kú. Ìyàwó ní ilé àwọn ọmọ ni, kí wọ́n wá tún un ṣe. Àwọn ọmọ ní ẹni tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀ ni kó san owó rẹ̀. Alámòójútó ṣí ìwé, ó kà á títí dé ìparí, kò rí nǹkan kan nípa àtúnṣe. Kò sí owó lọ́wọ́ òun náà, nítorí ilé nìkan ni bàbá fi sínú trust. Òjò wá ń rọ̀ sórí àga, gbogbo wọn sì ń pààrọ̀ lẹ́tà lọ́yà.

Torí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Iná, omi àti àwọn àtúnṣe wẹ́wẹ́, kí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ máa san án. Òrùlé, ògiri àti ìnṣọ́ránsì, kí trust máa san án. Kí ẹ sì fi owó díẹ̀ ti ilé náà lẹ́yìn, torí trust tó ní ilé tí kò ní owó, ẹjọ́ ló ń dúró dè. Bí ìyàwó yín bá fẹ́ ọkọ mìíràn ńkọ́? Èmi ò ní sọ ohun tí ẹ máa ṣe nípa ìyẹn, ẹ̀yin lẹ mọ ọkàn yín, àmọ́ ẹ má fi sílẹ̀ láìkọ. Bó bá di àgbàlagbà tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, ṣé àwọn alámòójútó lè ta ilé yìí kí wọ́n ra kékeré kan tí kò ní àtẹ̀gùn? Ẹ jẹ́ kó ṣeé ṣe. Bó bá lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, ṣé ó ti pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn? Ẹ kọ ọ́ pé rárá.

Ní ti alámòójútó, ẹ má fi ìyàwó nìkan ṣe é, ẹ má fi àkọ́bí nìkan ṣe é. Ẹ mú méjì tàbí mẹ́ta, kó sì jẹ́ pé ó kéré tán ẹnì kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ikú ẹnikẹ́ni nínú ilé yín ò ní mú kọ́bọ̀ wọlé fún.

Ohun kan tó kù. Ibi gbogbo kọ́ ni òfin ti gbà pé kí èèyàn fi gbogbo ohun ìní rẹ̀ ṣe bó ṣe wù ú. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ti ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ. Bó bá sì jẹ́ ìlànà Ìsìláàmù lẹ fẹ́ kí wọ́n fi pín ogún yín, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ìpín ìyàwó nígbà tí ọmọ bá wà, ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní yín péré sì ni ẹ lè fi ìwé ìhágún darí. Ẹ sọ èyí fún lọ́yà yín kó tó mú bírò.

Ìbéèrè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Okòwò mi ń mì, báńkì méjì ni mo jẹ lówó. Kí ọ̀rọ̀ tó burú jù, mo fẹ́ fi ilé àti ilẹ̀ mi sí trust fún àwọn ọmọ mi. Èmi nìkan ni mo fẹ́ kó jẹ́ alámòójútó, kí n lè tà á bí mo bá nílò owó, kí n sì lè fagi lé e nígbàkigbà. Ẹnì kan tó ń ta fọ́ọ̀mù irú rẹ̀ ní kò sí ìṣòro níbẹ̀.
Ẹni tí kò rí oorun sùn

Èsì

Ìwé ni onífọ́ọ̀mù tà fún yín o, kò ta ààbò. Ohun tí ẹ lè tà nígbà tó bá wù yín, tí ẹ lè gbà padà nígbà tó bá wù yín, tiyín ni. Àwọn tí ẹ jẹ lówó mọ̀ bẹ́ẹ̀, adájọ́ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti 1571 ni òfin England ti ń sọ irú ẹ̀bùn báyìí dòfo, ìyẹn èyí tí èèyàn ṣe láti fi sá fún gbèsè. Ní 1601 ni wọ́n dá ẹjọ́ Twyne. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pierce jẹ Twyne ní £400, ó tún jẹ ẹlòmíràn ní £200, ẹni yẹn sì ti pè é lẹ́jọ́. Pierce yọ́ kọ ìwé, ó ní òun ti fi gbogbo ẹrù òun, tó tó £300, fún Twyne. Ṣùgbọ́n ẹrù ò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń tà nínú wọn, ó ń rẹ́ irun àgùntàn, àmì tirẹ̀ ló sì ń fi sí àwọn àgùntàn náà lára. Ilé ẹjọ́ ní ẹ̀tàn ni ìwé yẹn.

Ẹ wo ohun tí ẹ kọ sí mi, kí ẹ wá wo Pierce àti àgùntàn rẹ̀. Ìgbà tí èèyàn ò jẹ gbèsè tí apá rẹ̀ ò ká ni trust máa ń dáàbò bo ilé. Ní báyìí tí ẹ ti bọ́ sínú rẹ̀, ẹ lọ bá àwọn báńkì náà jókòó kí wọ́n tó wá bá yín. Kí ẹ sì yáa gba owó fọ́ọ̀mù yẹn padà, bí ó bá ṣeé ṣe.

Ìbéèrè

Lọ́yà mi ṣe ìwé trust fún mi lọ́dún tó kọjá lórí ilé méjì àti ṣíà, ìyẹn ìpín tí mo ní nínú ilé iṣẹ́. Gbogbo wa ti buwọ́ lù ú, ó wà nínú àpótí. Ṣé ọkàn mi lè balẹ̀?
Abílékọ tó fẹ́ràn ìwé

Èsì

Orúkọ ta ló wà lórí ìwé àwọn ilé náà lónìí? Bó bá ṣì jẹ́ tiyín, ọkàn yín ò tíì lè balẹ̀ o, mà, àyàfi bí ìwé náà bá sọ pé ẹ̀yin fúnra yín ni alámòójútó.

Nínú ẹjọ́ Milroy v Lord ní 1862, ọkùnrin kan kọ ìwé dáadáa pé òun gbé ṣíà báńkì 50 fún ẹnì kan kó máa mójú tó o fún ọmọbìnrin kan nínú ẹbí òun. Ó tilẹ̀ kó ìwé ṣíà náà fún alámòójútó. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lọ pààrọ̀ orúkọ nínú ìwé báńkì. Ọkùnrin náà kú, ilé ẹjọ́ sì ní ṣíà rẹ̀ ṣì ni. Ọmọbìnrin yẹn ò rí nǹkan kan gbà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó ṣiyèméjì pé òun ni wọ́n fẹ́ fún.

Ọ̀nà tí ilẹ̀ ń gbà bọ́ sórúkọ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ti ṣíà, ti ṣíà yàtọ̀ sí ti owó báńkì. Ẹ padà lọ bá lọ́yà yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ní kó fi ẹ̀rí hàn yín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kí ẹ sì béèrè iye owó orí tí ìgbésẹ̀ náà máa fà, torí láwọn ilẹ̀ kan, bí ohun ìní ṣe ń wọnú trust ni ìjọba ti ń na ọwọ́.

Ìbéèrè

Màmá Lọ́yà, mo júbà yín. Àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin pé ọdún 26. Tẹ́tẹ́ ti gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ti ta mọ́tò tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, àwọn tó yá a lówó ń wá a wá sílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní kí n yọ ọ́ kúrò nínú ogún pátápátá. Wọ́n ní ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ o. Ṣé mo lè kọ ọ́ pé kí wọ́n má fún un ní owó rẹ̀ àfi tó bá pé ọdún 40?
Ìyá Àbíkẹ́yìn

Èsì

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Mo gbà pé ẹ kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n kọ́ ni tẹ́tẹ́ ti mú, kí ẹnikẹ́ni má fi òwe yẹn nà yín.

Ọdún 40 tí ẹ fẹ́ kọ yẹn lè má dúró. Ní 1841, ẹjọ́ Saunders v Vautier dé iwájú ilé ẹjọ́ England. Ẹnì kan fi ṣíà ilé iṣẹ́ East India tó tó £2,000 sílẹ̀ fún ọmọ kan tó ń jẹ́ Vautier, ó ní kí èrè rẹ̀ máa gun orí ara wọn títí ọmọ náà á fi pé ọdún 25. Nígbà tó pé 21, ó ní kí wọ́n kó o wá. Wọ́n sì kó o fún un. Ìdí ni pé òun nìkan ni owó náà wà fún, kò sẹ́lòmíràn tó lè jàǹfààní rẹ̀, ó sì ti tó ọkùnrin lójú òfin. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó ń tẹ̀ lé òfin England ṣì ń tẹ̀ lé èyí. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ Massachusetts gba ọ̀nà mìíràn ní 1889, wọ́n ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ohun tí olóògbé kọ, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀ sì wà lórí ìyẹn dòní. Nítorí náà, ibi tí ohun ìní yín wà ló máa sọ.

Èyí tí mo fẹ́ fún yín ni trust tí kò sẹ́ni tó ní ìpín pàtó nínú rẹ̀. Ẹ ó dárúkọ àwọn tó lè jàǹfààní: ọmọkùnrin yín, àwọn ọmọ tó bá bí lọ́la, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn ọmọ tirẹ̀. Ẹ ó wá fi í sọ́wọ́ àwọn alámòójútó láti pinnu ẹni tí wọn ó fún, iye tí wọn ó fún un, àti ìgbà. Nígbà tí ọmọ yín ò ní ìpín kankan tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé tòun ni, kò ní ohun tó lè fi ta tẹ́tẹ́, àwọn olówó èlé náà ò sì ní ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn alámòójútó lè san owó ilé rẹ̀ fún onílé tààrà, kí wọ́n san owó ilé ìwé fún ilé ìwé. Owó á ṣe ọmọ yín lóore láìgba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Agbára ńlá lèyí fún alámòójútó, ẹ má fi ojú kékeré wò ó. Ẹ kọ lẹ́tà tì í. Lẹ́tà yìí ò de alámòójútó lọ́wọ́ lójú òfin, ṣùgbọ́n òun ni wọn ó máa tú wò nígbà tí ẹ ò bá sí níbẹ̀ mọ́ láti béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀. Oníbàárà mi kan kọ tirẹ̀ báyìí: "Bó bá lọ gba ìtọ́jú, ẹ san án, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló padà lọ. Bó bá ní òun fẹ́ dá okòwò sílẹ̀, ẹ ra irinṣẹ́ fún un, ẹ má fún un lówó. Bó bá ti tó ọdún mẹ́ta tí kò ta tẹ́tẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọwọ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ má jẹ́ kó tọrọ nǹkan lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀." Mi ò tíì rí lọ́yà tó lè kọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló mú mi dé orí ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé òun ni ẹ fọkàn tán. Ẹ má fi í ṣe alámòójútó. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ni àbúrò máa wá kàn láàárín òru. Bó bá sọ pé rárá, á ní torí kí owó lè kù fún un ni, nítorí òun náà wà lára àwọn tó lè gbà á. Bó bá sì gbà, owó á tán. Ẹ wá ẹni tó jẹ́ pé bí inú ọmọ yín bá bí sí i, kò ní ba ọjọ́ ọdún ìdílé yín jẹ́, kí ẹ sì fún ẹ̀gbọ́n ní agbára kan péré, pé òun lè yọ alámòójútó tí kò bá ṣe dáadáa kó sì fi ẹlòmíràn rọ́pò.

Ẹ má sì fi ìbínú so ó pẹ́ jù. Wellington Burt, olówó igi gẹdú ní Michigan, kú ní 1919. Ìwé rẹ̀ ní kí wọ́n má pín èyí tó pọ̀ jù nínú ọrọ̀ òun àfi lẹ́yìn ọdún 21 tí ọmọ-ọmọ tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí òun rí láyé bá kú. 2011 ni àwọn méjìlá tó kàn tó rí i gbà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 dọ́là. Kò sẹ́nì kan nínú wọn tó lè rántí rẹ̀.

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n mi kú, ó fi mí ṣe alámòójútó fún ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ṣọ́ọ̀bù tó ń mówó wọlé jù nínú ohun tó fi sílẹ̀, ó háyà rẹ̀ ni, àdéhùn sì ti fẹ́ parí. Onílé ní òun ò ní bá ọmọdé ṣe àdéhùn, pé bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ ẹ, òun á fún mi. Ṣé mo lè gbà á? Onílé ló kọ ọmọ náà, kì í ṣe èmi.
Àbúrò Olóògbé

Èsì

Àbúrò mi, bí ìwọ àti onílé rẹ ṣe sọ ọ́ yìí gan-an ló ṣẹlẹ̀ nínú ẹjọ́ Keech v Sandford, ní 1726. Ọjà kan ní Romford ni wọ́n háyà, ọmọdé ló wà fún, onílé kọ̀ láti bá ọmọdé ṣe àdéhùn tuntun, alámòójútó sì gbà á fún ara rẹ̀. Adájọ́ gbà pé ó lè dà bí ìnira pé nínú gbogbo ọmọ aráyé, alámòójútó nìkan ni kò lè gba ọjà yẹn. Síbẹ̀ ó ní kó gbé e fún ọmọ, kó sì ka gbogbo èrè tó ti jẹ lórí rẹ̀ sílẹ̀. Adájọ́ ò sọ pé ó jalè. Ó ní bí a bá gbà á láyè, kò ní sí alámòójútó tí kò ní máa rí onílé tó kọ ọmọdé.

Gba ṣọ́ọ̀bù náà, má jẹ́ kó bọ́, ṣùgbọ́n gbà á fún ọmọ. Ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún un lónìí, má jẹ́ kí owó rẹ̀ sùn mọ́jú nínú tìrẹ. Owó tí o bá ná láti àpò rẹ lórí iṣẹ́ yìí, o lè gbà á padà bí o bá ní rìsíìtì. Owó iṣẹ́ ni kò sí, àyàfi bí ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ tàbí òfin ibi tí o wà bá fún ọ. Bí o bá rí i pé o ò lè ṣe é bẹ́ẹ̀, fi ipò náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn nísinsìnyí tí ọwọ́ rẹ ṣì mọ́.

Ní ti àdéhùn tuntun, sọ fún onílé kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ gbà á gẹ́gẹ́ bí alámòójútó. Bó bá yarí pé orúkọ rẹ nìkan lòun fẹ́, ìwọ fúnra rẹ kọ ìwé kan lọ́jọ́ yẹn gan-an pé ti ọmọ ni ṣọ́ọ̀bù náà, buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kí o sì fún ìyá ọmọ ní ẹ̀dà kan.